Ìrìn yípo ọjọ́ kan ní Àgbádárìgì: ẹ kọ́kọ́ lọ sí òkun, kí ẹ tó wọ inú ìlú

Àgbádárìgì kò ní òkè téèyàn ń gùn. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ láti ẹ̀bá títì títí dé etí òkun. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rin yanrìn Gberefu, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán rí yóò sọ fún yín pé kì í ṣe òkè nìkan ló ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Yanrìn gbígbẹ ń fa ẹsẹ̀ padà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Oòrùn ń ti òkè pa èèyàn, ó tún ń ti ilẹ̀ tàn padà sójú, kò sì sí ìbòòji kankan létí omi.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ni bí wọ́n ṣe to ọjọ́ náà. Wọ́n á dé láago mẹ́wàá, wọ́n á yí àwọn ilé ìtàn ká nínú ìlú, wọ́n á jẹun yó, wọ́n á wá wọkọ̀ kọjá ọ̀sà láago kan, nígbà tí oòrùn ti dé àtàrí. A ní kí ẹ yí i padà: òkun láàárọ̀, ilé ìtàn lọ́sàn-án. Inú ilé ni ìbòòji wà. A mọ̀ pé àwọn amọ̀nà kan kò ní fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí pé nínú ìtàn àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ìlú náà lọ, ọjà ẹrú ló ṣáájú òkun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọ́ ìtàn.

Ọjọ́ wo ni kí ẹ mú

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù. Nígbà ọyẹ́, àárọ̀ máa ń tutù, àmọ́ ètè máa ń bó, kùrukùru ọyẹ́ sì lè bo ọ̀sà títí di aago mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra bí ẹ kò bá rí òdìkejì. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìgbì òkun máa ń ga, ó sì máa ń bẹ́ gììrì létí ilẹ̀. Ẹ lè rìn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí omi.

Òjò àrọ̀ọ̀dá nìkan kọ́ lẹ ó máa ṣọ́. Ní oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá, ìjì líle tó ń mú ààrá bọ̀ sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run dúdú kirikiri lápá ìlà-oòrùn, ẹ má sọ pé afẹ́fẹ́ òkun á gbé e lọ. Ó ń bọ̀ ni. Ẹ má kọjá ọ̀sà lásìkò náà, ẹ má sì sá sábẹ́ igi àgbọn kan ṣoṣo tó dá dúró.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju oṣù lọ ni ìgbà tí òkun máa fà. Létí òkun wa, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà. Láti ìgbà tó fà tán sí ìgbà tó tún fà tán jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Ìyẹn ni pé bí ó bá fà tán láago 8 àárọ̀ òní, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago 9 kó tó fà tán lọ́la. Ẹ wo àkókò tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà ní Èkó lórí fóònù, kí ẹ mú ọjọ́ tí òkun á fà tán láàárín aago 8 sí aago 10 àárọ̀. Nígbà náà ni yanrìn líle tó tutù á fẹ̀ dáadáa fún ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá lọ nígbà tó kún, orí yanrìn gbígbẹ lókè nìkan lẹ ó ti máa rìn, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú á sì di wákàtí kan. Nígbà oṣù tuntun àti nígbà tí òṣùpá bá ràn mọ́jú, òkun ń kún ju ti ọjọ́ mìíràn lọ, ó sì ń fà jù bẹ́ẹ̀.

Ẹrù

Omi lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pure water 6 ni, èyí tó jẹ́ 50cl. Ẹ má sọ pé ẹ ó ra á lọ́hùn-ún. Ẹ lè rí i, ẹ lè má rí i. Ẹ gbé mẹ́ta sínú fìrísà lálẹ́ àná, kí ẹ fi aṣọ wé e: á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi tútù á sì wà títí aago mẹ́wàá.

Ẹ mú ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá. Bí òógùn bá pọ̀, omi lásán kò tó. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí: omi mímọ́ lítà 1 (pure water 2), ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a fi nǹkan gé lórí kó dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Tọ́ ọ wò kí ẹ tó mu ún: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu, ẹ má fojú díwọ̀n.

Fún oúnjẹ, ẹ̀pà, àkàrà gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn ti tó. Ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ kò yẹ ìrìn yìí. Á kan nínú ooru.

Bàtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Sílípáàsì máa ń sọ yanrìn gbígbóná sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó sì máa ń já lágbedeméjì ọ̀nà. Bàtà aláwọ tó wúwo á gba yanrìn, kò ní jẹ́ kó jáde. Kánfáàsì tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ló dáa, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì: ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àpò. Ẹ fi básílíìnì pa àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bàtà tí ẹ rà lánàá, ẹ fi í sílé.

Ìyókù: akẹtẹ̀ tàbí agbòòrùn, aṣọ apá gígùn tó fẹ́lẹ́, páwà báǹkì, páálásítà alẹ̀mọ́ra, owó kéékèèké, káàdì ìdánimọ̀, àti ọ̀rá nylon méjì tó nípọn, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún ìdọ̀tí. Ẹ ti gba máàpù Àgbádárìgì sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Bí ẹ bá sì rìn síhà ìwọ̀-oòrùn, fóònù lè lọ mú nẹ́tíwọ́kì orílẹ̀-èdè Benin, á sì máa jẹ owó yín. Ẹ lọ sí ètò fóònù, kí ẹ fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́kì Nàìjíríà.

Ẹni tó ń ti ìgboro Èkó bọ̀, ó dáa kó sùn ní Àgbádárìgì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun á ti Mile 2 gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, aago mẹ́wàá ló máa bá a lójú ọ̀nà.

Aago 7: ní èbúté

Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ wo ọkọ̀ náà. Omi mélòó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Omi díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Bí ó bá ti bo kókósẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ṣé igbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé wà láti fi gbọ́n ọn? Ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó iye èrò?

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó kàn wà lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ kò wúlò. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹnì kejì yín wá di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, kó fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí, ó tú jù. Ẹ tún un dè. Bí ìdè rẹ̀ bá ti já tí wọ́n fi okùn so ó, ẹ gba òmíràn, ẹ má tijú.

Ọkọ̀ èrò máa ń dúró dìgbà tó bá kún. Bí ẹ bá tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ gba odindi rẹ̀, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ san ìdajì, ìdajì yòókù di ìgbà tí ẹ bá padà dé. Ẹ gba nọ́ḿbà fóònù ọlọ́kọ̀, kí ẹ sì pè é níbẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ẹ sọ wákàtí: "Aago mọ́kànlá la ó ti wà létí omi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká dúró." Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ ọjà Agbalata ni. Lọ́jọ́ ọjà, èrò àti ẹrù ń kún inú ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ yín sì lè gbé ẹlòmíràn kó tó rántí yín.

Ìkọjá fúnra rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ́ńjìnnì bá dára. Ohun tó ń dá a dúró ni koríko ojú omi, èyí tó ní òdòdó elése àlùkò. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, inú omi Àgbádárìgì yìí gan-an sì ni. Àwọn kan ń pè é ní òjúoró. Kì í ṣe òjúoró. Ewé òjúoró jókòó sórí omi bí òdòdó tó là, èyí ní ọ̀pá ewé tó wú bí fèrè tó kún fún afẹ́fẹ́. Ìgbà òjò ló ń pọ̀ jù. Bí ó bá lọ́ mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì, ohùn ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ rẹ̀, á wá máa kérora, ọlọ́kọ̀ á pa á, á gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, á sì máa fi ọ̀bẹ gé gbòǹgbò dúdú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó bá dìde láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, tí gbogbo wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ló ń da ọkọ̀ nù.

Láti èbúté Gberefu dé òkun

Àwọn Ègùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ogu, ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ Yorùbá. Ẹ kí àgbà tí ẹ bá bá, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, kí ẹ sì mú ọmọ ibẹ̀ kan ṣe amọ̀nà. Ẹ bá a sọ owó kí ẹ tó gbéra. Ojú ọ̀nà yanrìn tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ ni ẹ ó tọ̀. Ìrìn bí ìdajì wákàtí ni fún ẹni tí kò kánjú.

Kànga kan wà lọ́nà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé wọ́n á mú kí àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ gbọ́ ìtàn náà, ẹ má mu omi náà. Kànga tí ìdọ̀tí lè wọ̀ ń dá inú rú, inú rírun lórí yanrìn kò sì dára fún ẹnikẹ́ni.

Ìparí ọ̀nà ni ẹnu-ọ̀nà àìpadàbọ̀, àwọn òpó méjì tó kọjú sí òkun. Kí ẹ tó yà kúrò níbẹ̀, ẹ kọjú padà sí ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì sàmì síbẹ̀ lórí máàpù. Láti etí omi, gbogbo igi àgbọn ló jọra.

Etí òkun: ogójì ìṣẹ́jú, kò jù bẹ́ẹ̀

Ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ á wà lẹ́yìn yín, afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá á máa fẹ́ sí yín lójú, ara á tutù. Ẹ wo aago. Bí ogójì ìṣẹ́jú bá ti pé, ẹ yí padà, ibi yòówù kí ẹ dé. Àwọn tó ń gun òkè gíga nílẹ̀ òkèèrè máa ń dá wákàtí tí wọ́n á yí padà kódà bí ṣóńṣó òkè bá wà lójú wọn. Òfin yẹn wúlò níbí ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí etí òkun kò ní ṣóńṣó: kò sí ohun tó máa sọ fún yín pé ó tó.

Ibi tí ẹ ó ti máa rìn: ẹ wo ipa bàtà ara yín. Bí gìgísẹ̀ bá rì dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ ti lọ sókè jù. Bí omi bá ń kún inú ipa ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti sọ̀kalẹ̀ jù. Ibi tí ipa bàtà ti hàn kedere tí kò sì jìn ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni kí ẹ máa tọ̀. Etí òkun yìí dagun, ó dà sọ́dọ̀ omi, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì yín á máa tẹ ibi tó rẹlẹ̀ ní gbogbo àlọ. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, orúnkún àti ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ máa wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì dín ìṣísẹ̀ kù.

Ẹ má wẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ omi í wẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun níbí jìn lójijì, ìgbì sì ń bẹ́ létí ilẹ̀ gan-an. Ó lè gbé àgbàlagbà tí omi dé orúnkún rẹ̀ ṣubú, èyí tó ń padà sínú á sì wọ́ ọ lọ. Ibi tí omi ti dà bíi pé ó rọ̀, tí ìfóòfó kò sí láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń bẹ́, ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń fà sínú. Ẹni tó bá ti bọ́ sí i kò gbọdọ̀ bá a jà: kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí ó fi kúrò níbẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lókè, kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí láìfù jákẹ́ẹ̀tì sí i. Kó má bẹ́ sí omi.

Bí ẹ bá bá àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n, okùn gígùn á ti ta kọjá yanrìn. Ẹ má gun orí rẹ̀, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn àwọn tó ń fà á, kí ẹ sì ní "Ẹ kú iṣẹ́ o." Okùn tó ń le tó sì ń rọ̀ bí ìgbì ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lè nà èèyàn lójúgun.

Nígbà tí ìka ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ ń gbóná níbì kan, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ìléròrò ń bọ̀ ni. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbọn yanrìn, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ páálásítà mọ́ ọn kó má hunjọ, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ó bá ti wú, ẹ má bẹ́ ẹ.

Àbọ̀, láàárín àgbọn

Àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ láàárín oko àgbọn. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà mú yín gba ibẹ̀ padà sí ìlà-oòrùn. Ìbòòji wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun á sì wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ kò bá ní amọ̀nà, ẹ bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà yìí já sí èbúté?" Bí kò bá sí ọ̀nà tó hàn, ẹ padà gba etí òkun tí ẹ ti gbà lọ. Ẹ má já igbó.

Ẹ fi etí dá ara yín mọ̀nà. Ohùn òkun gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ mọ́, tí ilẹ̀ sì ń dúdú, tó ń rọ̀ mọ́ bàtà, ẹ ti súnmọ́ ẹrẹ̀ ọ̀sà jù. Ẹ yà sí ọ̀tún títí ilẹ̀ á fi padà di yanrìn. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ wo òkè kí ẹ tó jókòó. Àgbọn tó bá já kì í pè.

Ibí yìí náà ni ooru ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn, torí wọ́n rò pé ìrìn ti parí, wọn kò sì mu omi mọ́. Pajápajá lẹ́sẹ̀, orí fífọ́ àti òòyì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé onítọ̀hún sí ìbòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má fún un lómi lẹ́nu mọ́. Ẹ da omi sí i lára, ẹ pe ọlọ́kọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀sán nínú ìlú

Bí ẹ bá ti kọjá ọ̀sà, ẹ jẹun, ẹ jókòó fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo wà ní ìrìn ẹsẹ̀. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Marina ti Àgbádárìgì, ó kọjú sí ọ̀sà: 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Lọ́dún 1845 yìí náà ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì tó oṣù méjìdínlógún kó tó rí ọ̀nà lọ sí Abẹ́òkúta. Àtẹ̀gùn ilé náà ga, ó sì tóóró. Ẹsẹ̀ tó ti rin yanrìn lè yọ̀, ẹ di ibi ìfọwọ́mú mú.

Ilé Seriki Williams Abass, oníṣòwò ẹrú, ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Yàrá ogójì ló wà níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń kó ogójì ẹrú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ inú ọ̀kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan láìsọ̀rọ̀. Lára ohun tí wọ́n á fi hàn yín ni agbòòrùn kan, amọ̀nà á sì sọ fún yín pé ogójì èèyàn ni wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ irú rẹ̀ ẹyọ kan. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ilé Mobee, níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gidi tí wọ́n fi ń de ẹrú wà, kò jìnnà. Ọjà ẹrú Vlekete náà ń bẹ, tí wọ́n ní 1502 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ òrìṣà òkun àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ sí ibi òkúta ìrántí igi Agia, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere Krístì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1842. Igi náà fúnra rẹ̀ ti wó ní 1959.

Ẹni tó ń padà sí Èkó, kó wọ bọ́ọ̀sì kí aago mẹ́rin tó lù. Àwọn aṣọ́bodè pọ̀ lójú ọ̀nà náà, wọ́n sì ń yẹ ẹrù wò. Ẹ jẹ́ kí káàdì ìdánimọ̀ wà nítòsí, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé àpò ìrẹsì tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá.

Nílé, ẹ má fọ bàtà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí yanrìn inú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n. Yanrìn tútù kì í jáde.